Láti Lima dé San Pedro de Atacama: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó fẹ́ fi bọ́ọ̀sì àti ẹsẹ̀ la àwọn adágún àti òkè Andes kọjá

Gíga ilẹ̀ ló máa ń da ìrìn-àjò Andes rú ju ohunkóhun lọ. Ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù ní El Alto, lókè La Paz, ti wà lórí ilẹ̀ tó ga ju 4,000 mítà lọ kó tó gba ẹrù rẹ̀. Orí á máa fọ́ ọ, oúnjẹ ò ní wọ̀ ọ́, oorun ò ní wá, ọjọ́ tó fẹ́ fi wo ìlú á sì parí sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó gba orí ilẹ̀ wá láti etí òkun, tó ń sùn sókè díẹ̀díẹ̀, á dé ìlú kan náà, á máa jẹun, á sì máa rìn kiri. Ìdí nìyẹn tí mo fi to ìtọ́sọ́nà yìí ní ìpele-ìpele. Gíga ibi tí ẹ máa sùn sí ni mo fi ń ṣírò. Ibi tí ọkọ̀ kàn máa gbà kọjá lọ́sàn-án kò fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà.

Ọ̀nà náà rèé: Lima létí òkun, Arequipa (2,335 mítà), Ollantaytambo (nǹkan bí 2,800), Cusco (nǹkan bí 3,400), Puno létí adágún Titicaca (nǹkan bí 3,830), Copacabana àti Isla del Sol ní Bòlífíà, La Paz (3,640), Uyuni (nǹkan bí 3,670), lẹ́yìn náà àwọn adágún aláwọ̀ mèremère tó wà ní igun gúúsù Bòlífíà, níbi tí ẹ ti máa sùn ní nǹkan bí 4,300, kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀ sí San Pedro de Atacama ní Ṣílè (2,400). Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló yẹ ẹ́. Ẹni tó bá ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, kó dúró sí Perú, kó má fi ìkánjú ba Bòlífíà jẹ́.

Ẹ má sì yí ọ̀nà yìí po. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń bẹ̀rẹ̀ láti San Pedro lọ sí Uyuni torí pé ó rọrùn láti Santiago. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á jí ní 2,400 mítà láàárọ̀, wọ́n á sì máa wá oorun ní 4,300 lálẹ́ ọjọ́ kan náà, nínú ilé tó tutù, tí dókítà sì jìnnà sí. Bí ẹ bá ti àríwá wá, alẹ́ tó ga jù lọ yẹn ló máa kẹ́yìn. Ara yín á ti mọ́ ọn, ilẹ̀ ọjọ́ kejì á sì mọ́ bá yín lójú ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀.

Kí ẹ tó gbéra

Ìwé atọ́nà òyìnbó kì í sábà mẹ́nu kan jẹ́nótáìpù. Àwa gbọ́dọ̀ fi í ṣáájú ni. Bí ẹ bá jẹ́ SS, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀nà yìí sílẹ̀; afẹ́fẹ́ òkè fẹ́lẹ́ débi pé ó lè ṣí ìrora egungun sílẹ̀ níbi tí ilé ìwòsàn gidi ti jìnnà. Bí ẹ bá jẹ́ AS, ọ̀pọ̀ yín ló máa lọ tí á sì bọ̀ láìsí nǹkan kan, ṣùgbọ́n àwọn dókítà ti ṣàkọsílẹ̀ àwọn AS tí ẹ̀jẹ̀ ò ráyè dé ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì wọn mọ́ nígbà tí wọ́n dé òkè gíga. Tí ibẹ̀ bá ń dùn yín kíkankíkan lókè, ẹ má pè é ní ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì fẹnu ara yín sọ fún dókítà pé AS ni yín, torí ó ṣeé ṣe kí ọkàn rẹ̀ má lọ síbẹ̀ rárá. Ẹ kọ ọ́ ní èdè Spanish sórí bébà, kí ẹ fi sínú pásípọ́ọ̀tù: “Tengo rasgo falciforme (HbAS).”

Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní acetazolamide, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Diamox, tó ń ran ara lọ́wọ́ láti tètè mọ́ òkè. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ gòkè ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọn kì í dúró dìgbà tí orí bá ti ń fọ́. Ọwọ́ dókítà ni kí ẹ ti gbà á. Ẹni tí Septrin tàbí Fansidar bá ti bá jà rí, tí ara rẹ̀ wú tàbí tó bó, kó sọ fún dókítà náà kó tó fẹnu kàn án.

Perú, Bòlífíà àti Ṣílè ló ń béèrè físà lọ́wọ́ ẹni tó mú pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà dání. Ẹ gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì wò ó bóyá ìlú tí bàálù yín máa yà sí náà ń béèrè físà ìrékọjá. Ti Ṣílè ni kí ẹ kíyè sí jù, torí òun ni ẹ máa lò kẹ́yìn: ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa pin gbọ́dọ̀ gba ìdádúró ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ẹ̀yin tí ẹ ní pásípọ́ọ̀tù Bìrìtìkó kò nílò físà fún ìbẹ̀wò kúkúrú sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú, kí yẹ́lò káàdì náà sì jẹ́ ojúlówó. Bòlífíà máa ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti ilẹ̀ wa wá.

Oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án ni ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Òfuurufú á mọ́ kedere, òru á sì tutù burúkú: ní àgbègbè Uyuni, ní oṣù kẹfà sí ìkẹjọ, ó máa ń lọ sí ìwọ̀n 15 sábẹ́ òdo, nígbà mìíràn ó tún máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù kìíní sí ìkẹta ni omi òjò máa ń dúró lórí pápá iyọ̀ Uyuni tí ojú ọ̀run á sì hàn nínú rẹ̀. Ó rẹwà gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀nà á bàjẹ́, àwọn ibòmíràn ò sì ní ṣeé dé. Ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, oṣù karùn-ún tàbí oṣù kẹsàn-án ni kó mú.

Owó: káàdì ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ìlú ńlá Perú àti Ṣílè. Ní Bòlífíà, ẹ mú dọ́là dání lówó, tuntun, tí kò ya, tí kò ní ìlà báírò kankan lára. Owó tó ya níbi tó kéré bí orí abẹ́rẹ́, wọ́n á dá a padà fún yín. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ lọ́wọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó ṣẹ́.

Ẹrù

Báàgì ẹ̀yìn tí kò ju lítà 45 lọ ti tó. Ẹ̀wù fẹ́lẹ́ tó lẹ̀ mọ́ra, súwẹ́tà kan, àti jákẹ́ẹ̀tì tí afẹ́fẹ́ àti òjò ò lè gbà wọlé, ẹ wọ̀ ọ́n léra wọn. Wọ́n sàn ju kóòtù ńlá kan ṣoṣo lọ, torí ọ̀sán ibẹ̀ máa ń gbóná tí ẹ ó fi máa bọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Fìlà, ìbọ̀wọ́ àti súwẹ́tà onírun alpaca (ẹran ọ̀sìn onírun àwọn ará òkè Andes), ẹ dúró dé ọjà Cusco tàbí òpópónà Sagárnaga ní La Paz kí ẹ tó rà wọ́n. Ìgò dúdú ojú kì í ṣe fáàrí lórí pápá iyọ̀, ojú á máa ta yín ni. Oòrùn òkè ń jó àwọ̀ dúdú náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ẹ fi ìpara oòrùn pa imú àti etí. Kí ẹ sì gbé ike òrí kan dání. Afẹ́fẹ́ náà gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ètè á là, tí ẹ̀gbẹ́ èékánná á máa ya, mi ò sì tíì rí ìpara inú ṣọ́ọ̀bù kankan níbẹ̀ tó ṣe é tó òrí.

Ìpele kìíní: Lima sí Arequipa

Ẹ má pẹ́ ní Lima. Bọ́ọ̀sì Arequipa máa ń lo nǹkan bí wákàtí 16, ìrìn tó tó 1,000 kìlómítà, ẹ̀bá òkun lẹ sì máa gbà jìnnà. Oríṣi ìjókòó méjì ni wọ́n máa ń tà: semi-cama tó ń ṣubú sẹ́yìn níwọ̀nba, àti cama tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ bẹẹrẹ. Fún òru, ẹ san ti cama. Wọ́n á kọ nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù yín sórí tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì fún yín ní nọ́ńbà fún ẹrù tó wọ abẹ́ ọkọ̀. Ẹ má sọ ọ́ nù. Báàgì kékeré tí owó àti ìwé wà nínú rẹ̀, orí itan ni kó wà. Ẹ má gbé e sí pẹpẹ òkè orí, ẹ má sì tì í sábẹ́ ìjókòó. Ní ọ̀pọ̀ ibùdókọ̀ Perú àti Bòlífíà, ẹ máa san owó kékeré kan lọ́tọ̀ ní wíńdò kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ dé ìdí bọ́ọ̀sì. Ẹni tí kò bá mọ̀ á máa sáré padà nígbà tí ọkọ̀ ti ń kù gìrì láti lọ.

Ẹ sun alẹ́ mẹ́ta ní Arequipa. Òkúta funfun tí òkè oníná tú jáde ni wọ́n fi kọ́ àárín ìlú náà, òkè Misti, tó ga ní 5,822 mítà, sì dúró sẹ́yìn rẹ̀ gbangba. Ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ti Santa Catalina, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1579, lè gba odidi ọ̀sán lọ́wọ́ yín. Wọ́n á máa rọ̀ yín kí ẹ lọ wo ẹyẹ condor ní àfonífojì Colca lọ́jọ́ kejì. Ọ̀nà ibẹ̀ gba orí òkè tó ga ju 4,900 mítà lọ, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ mìíràn.

Ìpele kejì: Ollantaytambo ṣáájú Cusco

Bọ́ọ̀sì òru láti Arequipa dé Cusco jẹ́ bíi wákàtí mẹ́wàá. Bí ẹ bá ti sọ̀ láàárọ̀, ẹ má wá hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ wọ takisí lọ sí òpópónà Pavitos, níbi tí àwọn ọkọ̀ akérò kéékèèké ti ń pe Ollantaytambo. Tó bá ti kún, ó máa gbéra. Láàrin wákàtí méjì ẹ ti wà ní ilẹ̀ tó fi 600 mítà rẹlẹ̀ sí Cusco. Alẹ́ méjì tàbí mẹ́ta níbẹ̀, kí ẹ rìn lórí àwọn ògiri àwọn Inca, tó jọba ní òkè Andes kí àwọn Spain tó dé, ara yín á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ibi tó wà.

Láti ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń lọ sí Machu Picchu, ìlú olókùúta àtijọ́ àwọn Inca, tó kéré sí Cusco ní gíga (2,430 mítà). Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ìwọlé lórí ìkànnì ìjọba wọn ṣáájú, torí iye èèyàn tí wọ́n ń gbà lóòjọ́ ní òdiwọ̀n. Bí owó rélùwéè bá wọ́n jù fún yín, ọkọ̀ ń lọ dé ibi tí wọ́n ń pè ní Hidroeléctrica. Ẹ ó fi ẹsẹ̀ rin nǹkan bí kìlómítà mẹ́wàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin rélùwéè dé Aguas Calientes, ìlú kékeré tó wà lẹ́sẹ̀ Machu Picchu. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, igbó rẹ̀ tutù, ẹyẹ sì pọ̀ níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá gòkè padà sí Cusco fún alẹ́ méjì. Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti mọ àmì àìsàn òkè dáadáa. Soroche ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Orí fífọ́, àárẹ̀, inú rírú àti oorun jíjá, wọ́n wọ́pọ̀; ẹ dúró sí gíga kan náà, ẹ mu omi, ẹ fi ọtí sílẹ̀, ẹ jẹ ọbẹ̀ olómi, á lọ láàrin ọjọ́ kan sí méjì. Bí kò bá lọ, ẹ má tẹ̀ síwájú sókè. Àmì tó ń béèrè pé kí ẹ sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru, ni èémí tó ń já nígbà tí ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ikọ́ tó ń hó, ẹsẹ̀ tó ń ta gẹ́ẹ́gẹ̀ẹ́, tàbí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tí kò létí. Ẹ ní kí ẹnì kejì yín rìn lórí ìlà tààrà kan, kó máa fi gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka. Bí kò bá lè ṣe é, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ká sinmi. Agbára ọ̀dọ́ ò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú rẹ̀ o: eléré ìdárayá máa ń ṣubú níbi tí bàbá arúgbó ti ń rìn lọ.

Tíì ewé coca, mate de coca, wà ní gbogbo hòtẹ́ẹ̀lì. Ó bófin mu ní Perú àti Bòlífíà, ó sì máa ń mú ara fúyẹ́ díẹ̀. Ẹni tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ bá ń yẹ ìtọ̀ wò fún oògùn olóró, kó yẹra fún un, torí ewé yìí ni wọ́n fi ń ṣe kokéènì, ó sì máa hàn.

Ìpele kẹta: Titicaca

Ẹ wọ bọ́ọ̀sì ọ̀sán láti Cusco lọ sí Puno, wákàtí mẹ́fà tàbí méje, kí ẹ lè rí ọ̀nà òkè La Raya (4,338 mítà), níbi tí ilẹ̀ ti là sílẹ̀ di pápá gbalaja tí alpaca ń jẹ̀. Puno fúnra rẹ̀ kò ní ohun púpọ̀. Adágún náà lẹ bá wá: ó fẹ̀ ju 8,000 kìlómítà alábàádọ́gba lọ, ó wà ní 3,812 mítà, Perú àti Bòlífíà sì pín in láàrin ara wọn.

Èbúté ni kí ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi, láàárọ̀ kùtù. Ọkọ̀ á kọ́kọ́ yà ní erékùṣù àwọn Uros, tí wọ́n fi koríko totora hun ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé lórí omi. Ibẹ̀ ti di ibi ìtajà báyìí, ẹ má lò ju wákàtí kan lọ. Amantaní ni kí ẹ sùn. Kò sí mọ́tò níbẹ̀. Ilé àwọn ará abúlé ni àlejò máa ń wọ̀, wọ́n sì máa ń pín àlejò yí ilé ká kó lè kárí. Ẹ mú ìrẹsì, òróró tàbí èso dání fún onílé, ẹ má mú súìtì fún àwọn ọmọdé. Nírọ̀lẹ́, ẹ gun òkè Pachatata lọ́ra lọ́ra, ẹsẹ̀ kan, èémí kan. Láti orí rẹ̀ ẹ ó rí i tí oòrùn á wọ̀ sẹ́yìn omi lápá kan, tí yìnyín orí òkè Bòlífíà á sì pọ́n ní apá kejì.

Nínú ilé ìdáná ibẹ̀, ẹ jókòó ti ìyá onílé. Omi ń hó ní nǹkan bí ìwọ̀n 87 péré ní gíga yẹn, ìdí nìyẹn tí ẹ̀wà wọn fi ń pẹ́ lórí iná, tí tíì sì ń tètè tutù. (Bí ẹ bá ń se omi mímu fúnra yín, ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta.) Oúnjẹ tó yà mí lẹ́nu jù níbẹ̀ ni chuño. Ní oṣù kẹfà àti ìkeje, wọ́n á tẹ́ ọ̀dùnkún wẹ́wẹ́ sórí koríko. Òtútù òru á mú un dì, oòrùn ọ̀sán á yọ́ ọ, wọ́n á fi ẹsẹ̀ lásán tẹ omi inú rẹ̀ jáde, wọ́n á tún sá a títí á fi dúdú, á sì fúyẹ́. Ó lè wà ní àká fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń sá gbodo tí wọ́n fi ń lọ èlùbọ́ á mọ ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ lójú kan náà.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ á gbé yín yà sí Taquile, níbi tí ọkùnrin ti ń hun fìlà bó ṣe ń rìn. Àwọ̀ fìlà yẹn ló ń sọ ẹni tó ti gbéyàwó àti ẹni tí kò tíì gbé e. Ẹ béèrè kí ẹ tó ya fọ́tò.

Ìpele kẹrin: ẹnubodè Kasani, Copacabana, Isla del Sol

Láti Puno dé Copacabana kò ju wákàtí mẹ́rin lọ. Ní Kasani, ẹ ó sọ̀kalẹ̀, Perú á fún yín ní àṣẹ ìjáde, ẹ ó fi ẹsẹ̀ kọjá lábẹ́ ẹnu ọ̀nà olókùúta, Bòlífíà á sì fún yín ní òǹtẹ̀ ìwọlé. Ẹ ka iye ọjọ́ tí wọ́n kọ kí ẹ tó kúrò níwájú wíńdò náà. Ẹ sún aago síwájú ní wákàtí kan. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lè gba àkókò níbí, torí òṣìṣẹ́ náà ò fi bẹ́ẹ̀ rí i rí: ẹ mú bọ́ọ̀sì àárọ̀, ẹ sọ fún awakọ̀ ṣáájú pé ẹ lè pẹ́, ẹ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tò, kí ẹ sì mú tíkẹ́ẹ̀tì ìpadà, ibi tí ẹ máa sùn àti ìwé báńkì dání ní bébà. Fóònù lè kú.

Ní Copacabana, bí ẹ bá wà níbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, ẹ lọ síwájú ilé ìjọsìn ńlá ti Wúńdíá Copacabana. Ẹ máa rí mọ́tò àti bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi òdòdó ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, tí àlùfáà ń wọ́n omi sí lára kó má bàa ní jàm̀bá lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ojú omi wákàtí kan àtààbọ̀ dé Isla del Sol, erékùṣù tí ìtàn àwọn Inca ní oòrùn ti jáde wá. Àtẹ̀gùn òkúta tó gòkè láti èbúté Yumani ga gan-an. Ẹ sinmi, ẹ má bá ẹnikẹ́ni du ún. Àwọn abúlé àríwá àti ti gúúsù ti bá ara wọn jà lórí owó àlejò, wọ́n sì ti àríwá pa fún àlejò ní 2017 fún ọ̀pọ̀ àkókò. Nítorí náà, ẹ béèrè ní Copacabana bí ọ̀nà ìrìn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun ṣe rí kí ẹ tó wéwèé rẹ̀.

Ìpele karùn-ún: La Paz

Lójú ọ̀nà La Paz, ní Tiquina, gbogbo èrò á sọ̀kalẹ̀. Ẹ ó wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré, bọ́ọ̀sì yín á sì dá léfòó kọjá lórí pákó pẹlẹbẹ kan. Ẹ mú pásípọ́ọ̀tù àti owó ẹyọ sọ́wọ́, ẹ má fi wọ́n sínú bọ́ọ̀sì.

La Paz wà nínú kòtò ńlá kan, ilé sì kún ẹ̀gbẹ́ kòtò náà dókè. Ẹ̀rọ okùn orí òfuurufú tí wọ́n ń pè ní Mi Teleférico, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, ni ọkọ̀ tó dára jù ní ìlú náà, ó mọ́, kò wọ́n, kò sì sí gosílóò. Ẹ wọ ọ̀nà pupa rẹ̀ lọ sókè El Alto ní ọjọ́bọ̀ tàbí ọjọ́ àìkú, ọjọ́ ọjà. Bí ara bá ṣì ń dà yín láàmú, ẹ wá ibùsùn ní Zona Sur, tó fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà rẹlẹ̀ sí àárín ìlú.

Èèyàn á wò yín o. Ní Perú àti Bòlífíà, ẹ lè rí ẹni tó máa já ẹnì kejì rẹ̀ léèékánná bó bá ti rí yín, tó máa ní “suerte”: wọ́n gbà pé rírí èèyàn dúdú ń mú oríire wá. Inú máa ń bí mi sí i, mi ò ní fi pamọ́. Ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n kí wọn ní “buenos días” gidi. Lọ́pọ̀ ìgbà ìtìjú á mú wọn, ọ̀rọ̀ á sì di ọ̀rọ̀ èèyàn sí èèyàn.

Bí ẹ bá ní ọjọ́ mẹ́ta sí i, ẹ lọ sí ìlú kékeré Coroico. Láti ibùdókọ̀ Minasa ní Villa Fátima ni wọ́n ti ń wọkọ̀. Ọ̀nà á gun òkè La Cumbre, lẹ́yìn náà á já wálẹ̀ sínú ooru, ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ní Tocaña àti àwọn abúlé àyíká ibẹ̀, ọmọ Áfíríkà ni wọ́n: àwọn baba ńlá wọn ni àwọn Spain kó lẹ́rú wá sí Bòlífíà, ibi ìwakùsà fàdákà Potosí ni wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Ìlù saya wọn ṣì ń dún. Wọ́n ní ọba, Julio Pinedo ti Mururata, tí wọ́n dé ládé ní 1992, tí ìjọba sì fọwọ́ sí ní 2007. Kò sí àlejò tí mo fẹ́ kó dé ibẹ̀ tó ọmọ Yorùbá. Ẹ kí àwọn àgbà wọn bí a ti ń kí àgbà, ẹ béèrè ìtàn lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì sanwó ohun tí ẹ bá jẹ.

Ọ̀rọ̀ kan tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ní Bòlífíà ni bloqueo. Nígbà tí inú bá bí awakọ̀, àgbẹ̀ tàbí awakùsà sí ìjọba, òkúta ni wọ́n máa kó dí títì, ọkọ̀ ò ní kọjá fún ọjọ́ kan tàbí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ béèrè ní ibùdókọ̀ lálaalẹ́ kí ẹ tó gbéra lọ́jọ́ kejì, ẹ má gbìyànjú láti já a kọjá lóru, kí ẹ sì fi ọjọ́ mẹ́rin ṣófo sílẹ̀ nínú ètò yín.

Ìpele kẹfà: Uyuni àti àwọn adágún òkè

Bọ́ọ̀sì òru La Paz sí Uyuni, wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ẹ mú bùláńkẹ́ẹ̀tì wọ inú ọkọ̀. Ẹ ó gba ẹ̀gbẹ́ Oruro kọjá, nítòsí ibi tí adágún Poopó wà tẹ́lẹ̀. Òun ló tóbi ṣìkejì sí Titicaca ní Bòlífíà. Ní oṣù Kejìlá 2015 ni wọ́n kéde pé ó ti gbẹ tán, àwọn apẹja tí ìran wọn ti ń jẹ nínú rẹ̀ sì ń wá iṣẹ́ mìíràn kiri.

Láti Uyuni, kò sí bọ́ọ̀sì tó gba àárín àwọn adágún. Jíìpù ọlọ́jọ́ mẹ́ta ni gbogbo ayé ń wọ̀. Ẹ má ra á lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìrí ọkọ̀. Ẹ débẹ̀ láàárọ̀, ẹ yẹ ilé iṣẹ́ mẹ́ta wò, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi jíìpù hàn yín. Ẹ wo tááyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti tááyà àpàmọ́. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó kọ̀ọ̀kan, torí òmíràn ti há sábẹ́ àga láti ọdún pípẹ́. Èrò mẹ́fà ni kó gbé, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ béèrè pé ṣé ọkọ̀ tó máa gbé yín láti ẹnubodè dé San Pedro wà nínú owó náà, ṣé wọ́n ní àpò ìsùn láti yá yín, àti oúnjẹ wo ni wọ́n máa sè; kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sórí rìsíìtì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bóyá awakọ̀ wọn mutí. Awakọ̀ ló ṣe pàtàkì ju orúkọ ilé iṣẹ́ lọ. Owó ìwọlé sí ilẹ̀ ìṣọ́ Eduardo Avaroa àti sí erékùṣù Incahuasi sábà máa ń wà lọ́tọ̀, owó boliviano lówó ni wọ́n sì ń gbà.

Ọjọ́ kìíní ni pápá iyọ̀ fúnra rẹ̀, tó fẹ̀ ju 10,000 kìlómítà alábàádọ́gba lọ. Ẹ bẹ awakọ̀ kó pa ẹ́ńjìnnì níbì kan tó jìnnà sí àwọn jíìpù yòókù. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ wo ilẹ̀ náà nítòsí: iyọ̀ gbígbẹ ti fa ìlà onígun-igun káàkiri, etí ìlà kọ̀ọ̀kan yọ sókè díẹ̀, ó sì mú tó láti ya ìka. Ní Incahuasi, igi ẹlẹ́gùn-ún tó ga ju ènìyàn lọ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin hù láàrin iyọ̀. Alẹ́ yẹn, ilé tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù iyọ̀ mọ lẹ ó sùn.

Ọjọ́ kejì ni àwọn adágún: Cañapa, Hedionda, lẹ́yìn náà Laguna Colorada ní 4,278 mítà, omi rẹ̀ pupa nítorí àwọn ohun wẹ́wẹ́ abẹ̀mí tó ń gbé inú rẹ̀, ẹyẹ flamingo sì kún un. Ẹ má sún mọ́ wọn láti ya fọ́tò. Bí wọ́n bá fò, agbára tí wọ́n nílò fún òtútù òru ni wọ́n ń ná. Òru yìí ló le jù lọ. Ẹ jẹun díẹ̀, ẹ wọ gbogbo aṣọ yín, ẹ fi omi mímu àti bátìrì fóònù sínú àpò ìsùn pẹ̀lú yín, torí omi á dì, bátìrì á sì kú. Bí oorun bá ń já yín lójijì bí ẹni tí èémí gbàgbé, ìyẹn wọ́pọ̀ ní gíga yẹn. Ẹ dìde jókòó, á kọjá.

Wọ́n á jí yín ní bíi aago mẹ́rin òru ọjọ́ kẹta fún Sol de Mañana, ní nǹkan bí 4,850 mítà, níbi tí ẹrẹ̀ ti ń hó tí èéfín sì ń tú láti inú ilẹ̀. Kò sí ọgbà tó yí i ká, ilẹ̀ etí ihò sì lè wọlẹ̀, nítorí náà ẹsẹ̀ awakọ̀ ni kí ẹ máa tẹ̀ lé. Lẹ́yìn ìwẹ̀ omi gbígbóná ní Polques, ẹ ó rí Laguna Verde lẹ́sẹ̀ òkè Licancabur, lẹ́yìn náà ẹnubodè Hito Cajón.

Ìpele keje: ìsọ̀kalẹ̀ sí Ṣílè

Kí ẹ tó dé ẹnubodè, ẹ jẹ gbogbo èso tó kù, tàbí kí ẹ fún awakọ̀. Ṣílè kì í fi ọ̀rọ̀ èso, ẹran, oyin, irúgbìn àti ewé coca ṣeré. Wọ́n á tú báàgì, owó ìtanràn wọn sì ga. Ohun tí ẹ ò bá dá lójú, ẹ kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù pé ẹ ní in. Ẹni tó kọ ọ́ kì í san ìtanràn, wọ́n kàn máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá fún yín ní bébà ìwọlé, inú pásípọ́ọ̀tù ni kó wà títí ẹ ó fi kúrò ní Ṣílè.

Láàrin wákàtí kan péré, ọkọ̀ á fi nǹkan bí 2,000 mítà wálẹ̀, etí yín á máa dí. San Pedro wọ́n ju Bòlífíà lọ fíìfíì, nítorí náà ẹ ra oúnjẹ ní ọjà kí ẹ sì máa sè é ní ilé àlejò. Ẹ sùn dáadáa fún alẹ́ méjì kí ẹ tó ronú kan ohunkóhun mìíràn. Bọ́ọ̀sì Calama máa ń lọ lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, kò ju wákàtí kan àtààbọ̀ lọ. Bàálù Santiago wà níbẹ̀, bọ́ọ̀sì ibẹ̀ dé Santiago náà sì wà fún ẹni tó bá ṣì lè jókòó fún odidi ọjọ́ kan.